Ta Ni Ó Ní Kò Sí Nǹkan Kan ní Ọ̀yọ́-Ilé?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa pàdé láti yan ibi tí a ó rìnrìn-àjò lọ nígbà ìsinmi. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sípéènì dé ti kọ́kọ́ fi àwọn àwòrán ìlú Toledo hàn wá. A rí mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 999. A rí ilé ìsìn àwọn Júù tí ó padà di ṣọ́ọ̀ṣì. A rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ó ga ju gbogbo wọn lọ. Olùkọ́ wa ṣàlàyé fún wa pé Mùsùlùmí, Júù àti Kristẹni jọ gbé inú ìlú náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àti pé níbẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń tú ìwé láti èdè Lárúbáwá sí èdè Látìn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ ẹgbẹ́ wa kan dìde, tí ó dábàá pé kí a lọ sí Òkè-Ògùn, kí a lọ wo Ọ̀yọ́-Ilé. Kíá ni ẹlòmíràn ti dá a lóhùn pé, “Kí ni a fẹ́ lọ wò nínú igbó? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìlú tí kò ní ilé kan ṣoṣo tí ó dúró!” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kẹta wá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a lọ. Ibẹ̀ ni a ti lè rí Yorùbá pọ́ńbélé, Yorùbá tí kò ní àbùlà, kí àwọn àjèjì tó bà á jẹ́.” Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dùn mí. Ọ̀rọ̀ kejì dùn mí jù ú lọ, nítorí pé ẹni tí ó sọ ọ́ rò pé òun ń yin ìlú náà ni. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ dá lóhùn níhìn-ín, kì í ṣe láti bá ẹnikẹ́ni jà, bí kò ṣe nítorí pé bí àwa tí a ń pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò bá mọ ohun tí ìlú náà jẹ́, n kò mọ ẹni tí a fẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, ará Scotland kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton wọ Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander. Wọ́n ti gbéra láti Àgbádárìgì ní òpin ọdún tí ó ṣáájú, wọ́n sì ti gba Ṣakí kọjá. Katunga ni Clapperton pe ìlú náà nínú ìwé rẹ̀, nítorí pé orúkọ tí àwọn Hausa ń pè é nìyẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ tí ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 ni ó yí ìlú náà ká, pẹ̀lú yàrà àti igbó dídí. Pé àyíká odi náà tó nǹkan bí máìlì 15, ẹnu ibodè rẹ̀ sì jẹ́ 10. Ó ní ọjà méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ná nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà tí Clapperton dé ibẹ̀, ìlú náà ti ń kú lọ ni. Ìlọrin ti bọ́ lọ́wọ́ Aláàfin, ogun ti ń jó àwọn ìlú ẹ̀bá rẹ̀, àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un ti ń kọ̀ láti san án. Bí ìlú tí ó ti ń kú lọ bá ṣì ń ná ọjà méje ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bá mi ro bí yóò ti rí nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ní ayé Abíọ́dún tí ó wàjà ní ọdún 1789.

Aláàfin Májòtú ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Nínú oṣù kejì ọdún 1826, ọba pe àlejò rẹ̀ wá wo eré àwọn eégún aláré. Wọ́n pidán, wọ́n di òjòlá, wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dá funfun kan yọ jáde láti inú àpò: ó tín-ín-rín, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí Òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà. Clapperton ni wọ́n ń ṣe! Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, Clapperton fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ó wá wo ìlú, ìlú ti wò ó tán kí ó tó mọ̀. Àwọn ènìyàn tí àjèjì jẹ́ ohun tuntun fún kò lè ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan. Àwọn tí ojú wọn ti mọ́ àlejò láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ti kọ́ bí a ti ń wo ìrìn ẹni, ni ó lè ṣe é.

Ẹ ó ní, “Ìyẹn ti lọ. Kí ni ó kù lónìí?” Èmi pàápàá bi ara mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́ kan. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan ni ó ṣáájú wa. A ti rìn pẹ́ nínú koríko gbígbẹ, a ti rí igi osè ńláńlá, a ti rí ojú ihò wẹ́wẹ́ lára àpáta níbi tí àwọn obìnrin ti lọ nǹkan títí òkúta fi jinnú. Èéfọ́ ìkòkò ń ró wìrìwìrì lábẹ́ bàtà wa. Ó rẹ̀ mí, mo gun orí òkìtì gígùn kan, mo sì bi í pé níbo gan-an ni odi náà wà. Ó wò mí, ó ní, “Ọ̀gá, orí rẹ̀ ni ẹ dúró sí.”

Ojú tì mí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ṣe rí: orí rẹ̀ ni ó dúró sí. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ Toledo, àwọn ènìyàn kò sì kúrò nínú rẹ̀ rí. Amọ̀ ni àwọn baba wa fi kọ́ Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì fi koríko bò ó. Nígbà tí ìlú tú ní nǹkan bí ọdún 1837, tí Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà, kò sí ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe mọ́. Òjò rọ̀ sí ògiri, amọ̀ sì padà sí ilẹ̀. Ṣé ẹ̀sùn ni ìyẹn lọ́rùn ìlú? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà Ọ̀yọ́-Ilé ni òkìtì wọ̀nyẹn. Ẹni tí ó bá ń fi àkísà àgbà ṣẹ̀sín kò mọ iye aṣọ tí àgbà ti wọ̀ gbó.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò kúkú fi í ṣẹ̀sín. Frank Willett walẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 sí 1957, àní ó walẹ̀ nínú ihò àpáta Méjìrò, ó sì bá àwọn irinṣẹ́ olókùúta níbẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ènìyàn ti ń gbé àdúgbò náà kí a tó gbọ́ orúkọ Aláàfin rárá. Robert Soper àti Patrick Darling wọn odi náà, wọ́n sì tẹ ìwé lé e lórí ní ọdún 1980. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Agbájé-Williams fi ìlú náà gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1983. Iṣẹ́ wọn wà nínú ilé ìkàwé wa. Èkúru ni ó bò ó.

Ìjọba ńkọ́? Ní ọdún 1936 àti 1941 ni wọ́n fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe igbó ọba. Ní ọdún 1952 wọ́n sọ ọ́ di igbó ìpamọ́ ẹranko, ní ọdún 1991 wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 ní ìbú àti òró. N kò bínú sí ẹfọ̀n àti ẹtu. Àwọn náà ní ẹ̀tọ́ sí ibùgbé. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé nínú ìwé ìjọba, orúkọ ìlú tí ọba rẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ láti Dahomey ti di orúkọ igbó tí a ti ń ṣọ́ ẹran. Bí ìjọba bá ka ìlú náà sí igbó, tí àwa náà nínú ẹgbẹ́ Yorùbá sì ń pè é ní igbó, ta ni yóò wá pè é ní ìlú?

Ó tó fún ti àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún: “Yorùbá tí kò ní àbùlà.”

Ẹni tí ó bá ń wá Yorùbá tí kò ní àbùlà, kí ó má lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Bí ó bá débẹ̀, yóò pàdánù ohun tí ó ń wá. Láti ìpìlẹ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ pé nígbà tí Ọ̀rànmíyàn kò rí ibi tẹ̀dó sí, ọba Ìbàrìbá ni ó tọ́ ọ sọ́nà, tí ó fi oògùn sí ejò lára, tí ó ní kí ó máa tẹ̀lé e títí yóò fi dúró. Ìtàn ni, ẹ lè ní ejò kì í ṣe atọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn baba wa fúnra wọn yàn láti máa sọ fún ọmọ wọn: pé àjèjì ni ó fi ilé hàn wá.

Ṣàngó ńkọ́, Olúkòso, tí ẹ ń fi orúkọ rẹ̀ pe ara yín ní akọni? Ọmọ ọba Tápà ni ìyá rẹ̀. Elémpe ni orúkọ bàbá ìyá rẹ̀. Ìdajì Ṣàngó ni ẹ ó lé jáde kí ẹ tó rí Yorùbá yín tí kò ní àbùlà.

Nínú ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà kan náà kó Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin Onígbogí sá, ibo ni ó sì sá sí? Ilẹ̀ Ìbàrìbá ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Láti ìgbà náà ni àwọn Aláàfin ti ń ṣí kiri ní àgbègbè yìí tí à ń pè ní Òkè-Ògùn títí wọ́n fi dó sí Ìgbòho. Ọba mẹ́rin ni wọ́n sin síbẹ̀: Òfinràn, Egúnojú, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé. Igbó Ọba tí wọ́n sin wọ́n sí wà ní Ìgbòho títí di òní. Abípa ni ó padà kó ìlú lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní kò sí ibi tí ojú lè rí, kí ó lọ sí Ìgbòho: àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń ná ọjà, Àlẹ́pàtà wà lórí oyè wọn. Olú ìlú Ọ̀yọ́ ni ó jẹ́ rí, kò sì sí ẹni tí ó gba ibẹ̀ kọjá nínú wa tí ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Johnson tún sọ pé ní àkókò ìsáǹsá yìí ni Ọ̀yọ́ gba awo eégún láti ọwọ́ àwọn Tápà. Àwọn ìran Ìgbórí, tí ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ìran eégún, a sì máa tọ́ka sí ilẹ̀ Tápà. Ẹ bá mi rò ó: àwọn tí ó lé wọn kúrò nílé ni wọ́n tún gba eégún lọ́wọ́ wọn! Àwọn baba wa kò sọ pé, “Ọ̀tá ni ó ni ín, a kò fẹ́.” Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ó dára, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwa ọmọ wọn fi ń pè é lónìí ní ẹ̀rí pé a kò ní àbùlà.

Ohun kan wà nínú ìtàn Ìgbòho tí ó yẹ kí gbogbo olóṣèlú wa mọ̀. Nígbà tí ọmọ Aláàfin Ajíbóyèdé kú, ọba gbààwẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀. Nígbà tí ó rí i pé àwọn tí ń wá bá a kẹ́dùn ti jẹun kí wọ́n tó wá, ó bínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ìjòyè kò lè sọ̀rọ̀. Àlùfáà Mùsùlùmí kan láti ilẹ̀ Tápà ni ó rán ọmọ rẹ̀ sí ọba láti bá a wí pé ohun tí ó ń ṣe kò dára lójú Ọlọ́run, pé ikú tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó pa ọmọ rẹ̀, òun sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ ẹlòmíràn. Ọba kò pa oníwàásù náà. Ó gbọ́ràn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìlú ní gbangba. Àjèjì ni ó sọ òtítọ́ tí ọmọ ìlú kò lè sọ. Ìlú tí àjèjì lè bá ọba wí nínú rẹ̀, tí ọba sì gbọ́, ni ìlú tí mo fẹ́ kí a lọ wò.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun gbogbo tí à ń fi Ọ̀yọ́ yangàn rí. Ẹṣin ni ó sọ Ọ̀yọ́ di alágbára, ṣùgbọ́n láti òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ra ẹṣin. Kàkàkí tí wọ́n ń fun láàfin, ọ̀dọ̀ Hausa ni a ti gbà á. Àlàáfíà tí a fi ń kí ara wa, èdè Lárúbáwá ni. Ẹ sì lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí ọ̀fíì àti àsà ti ń dún láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ẹ bi àwọn ahunṣọ nípa aṣọ òfì àtàtà mẹ́ta ti ayé àtijọ́. Ẹtù ni tí ẹ̀lú, sányán sì ni tí kòkòrò inú igbó wa. Ẹ̀kẹta ńkọ́, àlààrì pupa tí ọba fi ń jóòkó? Orúkọ rẹ̀ ti ẹnu Hausa wá, Hausa sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá tí ń pe ṣẹ́dà ní al-harir. Ẹ̀yìn ràkúnmí ni ṣẹ́dà pupa náà gbé la aṣálẹ̀ kọjá kí ó tó dé orí òfì ní Ìsẹ́yìn. Ṣé àlààrì kì í wá ṣe aṣọ Yorùbá? Aṣọ Yorùbá ni! Ọwọ́ Yorùbá ni ó hun ún, ara Yorùbá ni ó mọ bí a ti ń wọ̀ ọ́. Ohun tí à ń pè ní Yorùbá gan-an nìyẹn: kì í ṣe òwú, bí kò ṣe híhun.

Ní Kìṣí, ìtàn ìtẹ̀dó wọn sọ pé ọmọ ọba Ìbàrìbá kan, Kilisi Yeruma, ni ó tẹ ìlú náà dó. Ẹ bá ará Kìṣí sọ̀rọ̀, kí ẹ gbọ́ bí ó ti ń sọ Yorùbá, kí ẹ wá sọ fún un lójú pé kì í ṣe Yorùbá. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọ́n á ní, “O ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìfẹ́ ni ó kó gbogbo wọn jọ. Ogun ńkọ́? Ẹrú ńkọ́?” Wọ́n jàre. Ọ̀yọ́ bá Ìbàrìbá jà, ó bá Tápà jà, àwọn náà sì bá a jà. Àwọn Hausa tí ó pọ̀ jù nínú ìlú náà kò wá fún ara wọn. Ẹrú ni wọ́n. Àwọn ni ń tọ́jú ẹṣin, àwọn ni ń da màlúù, àwọn ni onígbàjámọ̀, àwọn ni ń ṣe okùn. Ọ̀yọ́ ta ènìyàn lọ sí etí òkun, ó sì fi owó rẹ̀ gbèrú. Bí a bá lọ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àwọn tí ń yin Toledo pàápàá kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọba Sípéènì lé gbogbo Júù kúrò ní ilẹ̀ wọn ní ọdún 1492, pẹ̀lú àwọn ti Toledo tí wọ́n ti gbé ibẹ̀ kí àwọn ọba náà tó jẹ rárá.

Àwọn mìíràn á ní, “Àjèjì ni ó ba Ọ̀yọ́ jẹ́ níkẹyìn. Àwọn Fúlàní Ìlọrin ni.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń lọ jù lẹ́nu wa, ó sì jẹ́ òtítọ́ ààbọ̀. Ta ni ó pe Àlímì sí Ìlọrin? Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ọmọ Yorùbá ni. Ta ni ó ké sí àwọn ẹrú Hausa ní nǹkan bí ọdún 1817 pé kí wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, kí wọ́n wá gba òmìnira? Àfọ̀njá náà ni. Ta ni Ṣólágbèrú tí ó kó àwọn Mùsùlùmí jọ sí Òkè-Sùnà? Yorùbá ni. Ṣáájú gbogbo wọn, ta ni Baṣọ̀run Gáà tí ó ń sọ ọba di òkú bí ẹni ń pa eṣinṣin, títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774? Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Odi tí àyíká rẹ̀ tó máìlì 15 kò lanu láti ìta. Inú ni ó ti là.

Ta ni ó sì dúró ti Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ ìkẹyìn? Nígbà tí Aláàfin Olúewu gbógun ti Ìlọrin, Elédùwẹ̀, ọba Ìbàrìbá, ni ó kó ogun wá ràn án lọ́wọ́. Àwọn ìjòyè Yorùbá kan da ọba wọn nínú ogun náà. Elédùwẹ̀ kú síbẹ̀. Ìbàrìbá ni ó fi ọ̀nà hàn Ọ̀rànmíyàn, Ìbàrìbá ni ó gba Onígbogí sílé, Ìbàrìbá ni ó bá Olúewu kú. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí tán tí ó ṣì ń sọ pé àjèjì ni ó ba Ọ̀yọ́ jẹ́, kò ka á dáadáa.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ nìyí. Ọ̀yọ́ gbèrú nígbà tí ó mọ bí a ti ń sọ àlejò di ara ilé. Ó ṣubú nígbà tí ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sínú ilé tí kò fún wọn ní ìjókòó. Àwọn tí ó ń lo agbára wọn, tí kò ka orúkọ wọn sí, ni wọ́n rọ́ lọ sí Ìlọrin ní ọjọ́ tí ẹnì kan pè wọ́n ní ọmọ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná nìkan. Ẹ lọ sí Òkè-Ògùn lónìí, ẹ ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ kan náà: “Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀.” Màlúù ti jẹ oko àgbẹ̀, àwọn jàǹdùkú ti jí ènìyàn gbé, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn. N kò ní kí àgbẹ̀ dákẹ́, n kò sì ní kí ọ̀daràn lọ láìjìyà. Kí òfin mú ẹni tí ó ṣe é, ẹni yòówù tí ì báà jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ tí ènìyàn ń fi orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé búra pé gbogbo ẹni tí ìran rẹ̀ ti òkè wá ni kí a lé lọ, mo mọ̀ pé kò dé Ọ̀yọ́-Ilé rí, kò sì mọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Bí a bá fi òfin tirẹ̀ ṣe é, a ó lé ará Kìṣí, a ó lé eégún, a ó bọ́ àlààrì kúrò lára ọba, a ó sì lé Ṣàngó lọ bá àwọn ará ìyá rẹ̀.

Ẹlòmíràn á sọ pé ẹ̀rù igbó ń ba òun. Ẹni náà kò purọ́, n kò sì ní fi ojú ọ̀lẹ wò ó. Igbó tí kò ní ẹ̀ṣọ́ tó kì í ṣe ibi tí à ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ènìyàn wà. Kí a lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kí a jókòó ti àwọn ahunṣọ. Kí a sùn ní Ṣakí. Kí a lọ kí Àlẹ́pàtà ní Ìgbòho, kí a tọrọ àyè láti dúró létí Igbó Ọba. Kí a dé Kìṣí àti Ìgbẹ́tì. Bí àwọn alákòóso igbó bá ní ọ̀nà dára, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a bá ẹ̀ṣọ́ wọn wọ Ọ̀yọ́-Ilé. Bí wọ́n bá ní kò dára, kí a padà, kí a sì kọ̀wé sí ìjọba láti bi í pé kí ló dé tí ọmọ Nàìjíríà kò fi lè fi ọkàn balẹ̀ rìn lọ sí olú ìlú àwọn baba rẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pẹ̀lú. Ẹ má fi wá ránṣẹ́ sí ibẹ̀ láti lọ ya àwòrán nìkan. Ẹ rán wa lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà Kìṣí àti Ìgbòho pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, kí a gba ìtàn Ìbàrìbá àti ti Tápà lẹ́nu wọn kí ikú tó gbà á lọ. Ẹ fi èdè Tápà àti ti Ìbàrìbá sí ara ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lè kọ́ bí ó bá wù ú. Kò sí bí a ti lè mọ ẹni tí a jẹ́ tí a kò bá gbọ́ èdè àwọn tí ó bá wa kọ́ ilé.

Nàìjíríà ti kọ orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ fún àjọ UNESCO lára àwọn ibi tí ó ń dábàá láti fi ṣe ogún gbogbo ayé. Sukur ti wọlé ní ọdún 1999, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọlé ní ọdún 2005. Ọ̀yọ́-Ilé ṣì ń dúró. N kò dá UNESCO lẹ́bi. Kí ni a fẹ́ kí àwọn ará ìta rí níbẹ̀, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá dìde nínú ìpàdé, tí ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tí a sì rẹ́rìn-ín?

Ìpàdé wa tí ń bọ̀ ni a ó dìbò lórí ibi tí a ó lọ. Èmi ti mọ ibi tí ọwọ́ mi yóò na sí. Bí Toledo bá wù yín, ẹ lọ. Ìlú rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba Òkè-Ògùn kọjá.